Dò Tí Bàbá Elétí Kọ́ Lára Ọkọ̀ Oníná

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná kì í ra ọkọ̀ nìkan. Wọ́n máa ń fi ìwàásù ṣe ènì fún un. Bàbá Elétí gba ènì tirẹ̀ pé pérépéré. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó bá a pàdé lórí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń gbé tí kò mọ bí bátìrì náà ṣe lè rìn jìnnà tó, iye wákàtí tó fi ń gba iná, àti ìdí tí ẹni tó ṣì ń ra epo sínú ọkọ̀ fi jẹ́ ẹni àánú.

"Ẹ gbọ́ ọ ná," á wí, á sì tẹ bọ́tìnnì tí ọkọ̀ fi ń jí.

Wọn á dẹtí sílẹ̀ títí.

"A ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mo ní kí ẹ gbọ́ nìyẹn."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa tún ohùn dùùrù ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó ti ń gbé àpò irinṣẹ́ kan náà láti ilé dé ilé, tí ó ń ṣí ikùn dùùrù, tí ó ń fi kọ́kọ́rọ́ irin fa àwọn okùn inú rẹ̀ le tàbí kó dẹ̀ wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí gbogbo wọn á fi rẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ní irin ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n máa ń gbá mọ́ orúnkún, tí irin náà á sì fún wọn ní ohùn tí wọn ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ti ìsinsìnyí ń fi fóònù ṣe é. Bàbá Elétí kò ní irin, fóònù rẹ̀ kò sì mọ̀ ju kó dún lọ. Inú ọ̀fun ara rẹ̀ ni dò tirẹ̀, ohùn àkọ́kọ́ tí gbogbo ìyókù ń tẹ̀lé, ń gbé. Láàárọ̀, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan àpò wò bóyá kọ́kọ́rọ́ ilé ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ó fi àṣà yìí lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá náà máa ń sọ pé ẹni tó bá ń gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ kiri ti gbà pé ẹsẹ̀ kò gbé òun mọ́.

Ohun tó sọ ọ́ di Bàbá Elétí nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé kan gbà pé kó máa wá àṣìṣe jáde nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn, máa ń fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ náà bó bá ku àwọn méjì nílé: Elétí Ikún. Kò sí ìmọ̀ràn tó tíì wọ inú etí yẹn rí.

Ọ̀kan wọ̀ ọ́ ṣá. Dókítà etí ni ó ní kó fi ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ń hó, ó ń wúkọ́, ó sì ń pohùn réré bó bá ń gun òkè. Bí ó bá wà á dé ibi iṣẹ́, etí rẹ̀ á ṣì máa hó títí di ọ̀sán. "Ẹ wá èyí tó dákẹ́," ni dókítà wí. Bàbá Elétí gba ìmọ̀ràn náà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò gba òun nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ó sì ní ìdí gidi tí kò fi gbọdọ̀ fi etí ṣeré. Ilé-ìwé orin kan wà lórí òkè ní òdì kejì ìlú. Dùùrù mẹ́rìnlá ni wọ́n ní, ó sì ti di ọdún méjìlélógún tí gbogbo wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn dùùrù inú ilé aládàáni ń ra bàtà fún un. Ilé-ìwé yìí ni ó ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé tuntun ti dé, obìnrin kan tó fẹ́ràn ìwé ju orin lọ. Kò fi bò fún un pé ọkùnrin kan tó ń fi fóònù tún dùùrù ṣe ti kọ̀wé wá béèrè iṣẹ́ náà.

"Ẹ jẹ́ ká wo bí ìdánwò ọdún yìí yóò ṣe lọ ná," ni ọ̀gá wí.

Láti ìta ni àwọn olùdánwò máa ń wá. Bí dùùrù bá dójú tì wọ́n níwájú àlejò, iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ di ti ọlọ́fóònù. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí Bàbá Elétí gbé ọkọ̀ oníná wọ àgbàlá.

Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, ọkọ̀ sì ń sùn nísàlẹ̀. Wáyà kan ń ti fèrèsé ilé ìdáná sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọjá lójú fèrèsé àwọn ará àjà kejì, ó ń kọjá lójú fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀, kí ó tó dé ẹnu ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹnu kò bá a fẹ̀yìn tì.

"Àbúrò, ọkọ̀ rẹ ti jẹun?"

"Ó ń jẹ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Láti àná?"

"Bó ṣe ń jẹ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ni tèmi fi ń jẹun, á sì rin ọjọ́ méjì. Èyí ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn. Ṣé ó ń ya ìgbẹ́?"

"Kì í ya nǹkan kan. Ohun tó fi dára nìyẹn. Kò ní èéfín."

"Ohun tí kò bá yàgbẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ti fèrèsé rẹ̀.

Nọ́ńbà kan wà lójú ọkọ̀ náà tó ń sọ iye iná tó kù nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà yìí di ẹbí. Tó bá wà ní ọgọ́rin, Bàbá Elétí á máa túra ká, á máa kí àwọn tí kò mọ̀. Tó bá di ogójì, á pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ní ogún, á pa rédíò, á sì bẹ ìyàwó rẹ̀ kó yéé yí gíláàsì fèrèsé sókè sódò. Lọ́jọ́ kan tó ku méjìlá, ìyàwó bi í bóyá kí òun sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ò tíì le tó bẹ́ẹ̀," ni ọkọ dáhùn. Ìyàwó wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré.

Wọ́n tún ti sọ fún un pé bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bátìrì á máa gba iná díẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pa ọ̀nà ilé rẹ̀ dà. Ó ń gba ẹ̀yìn òkè, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ sí. Á fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ dé ilé, á sì wọlé pẹ̀lú ìdá kan lé lórí nọ́ńbà rẹ̀, inú á dùn bí ti ẹni tó pa ẹran ńlá.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò dákẹ́ tán. Àwọn tó ṣe é ti rò ó pé bí kò bá dún rárá, á máa yọ sí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn bí olè. Wọ́n wá fi ẹnu kékeré kan sí i níwájú. Bó bá ń sáré, ẹnu yìí á pa mọ́. Bó bá ń rákò, ìbáà jẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, húùù, lórí ohùn kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń wá orin tó gbàgbé. Òkìtì adín-eré-kù mọ́kàndínlógún ni ó sì wà láàárín ilé wọn àti títì ńlá. Kò sí ọjọ́ tí Bàbá Elétí kì í fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́ ọ kí ó tó rí ibi tí yóò ti sáré.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lórí òkìtì kẹta, ó dúró.

"Kò péye," ni ó wí.

"Kí ni kò péye?" Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí itan.

"Dò ni ó fẹ́ kùn. Ó fi bíńtín lọ sílẹ̀ sí i. Bíi kí bàtà ẹnì kan fi ìwọ̀n bébà kan ga ju èkejì lọ, kí ó sì ní kí n máa bá òun rìn."

"Ṣé ẹlòmíràn lè gbọ́ ìyẹn?"

"Èmi gbọ́ ọ."

Ó kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún un. Ojú ìwé méjì ni, ó ṣàlàyé dò fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn mọrírì ọ̀rọ̀ rẹ̀ gidigidi, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan lórí ìtọ́jú táyà ránṣẹ́ sí i.

Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ jà. Bí ọkọ̀ bá ti kùn dò tirẹ̀, Bàbá Elétí náà á kùn tirẹ̀ lé e lórí, gidi, láti ọ̀fun. Bí ohùn méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tí wọn kò sì jọra tán, wọn kì í gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Wọ́n á máa gbọ̀n mọ́ ara wọn, wọ̀nwọ̀nwọ̀n, bí ìdérí ìkòkò tí omi rẹ̀ ń hó. Ó gbọ́ ìgbọ̀n yìí lórí òkìtì mọ́kàndínlógún láràárọ̀, fún oṣù méjì. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí títì.

Nínú oṣù kẹta, ìgbọ̀n náà dáwọ́ dúró.

"Ọkọ̀ yìí ti tọ́," ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí tábìlì. "Ó dà bíi bàtà tuntun. Ó ti mọ ẹsẹ̀ mi."

Ìyàwó gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, baálé mi, ṣé irin àti wáyà ni ó yí ohùn padà?"

"Òun ni."

"Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó padà sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó rí àṣìṣe kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn àgbà ti sọ ohun tí àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ. Wọn kò sọ pé adùn rẹ̀ á wá tẹ́ àgùntàn lọ́rùn.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá Elétí gun òkè lọ sí ilé-ìwé orin. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi tún àwọn mẹ́rìnlá ṣe. Iṣẹ́ náà wú òun fúnra rẹ̀ lórí. Kò tíì gbọ́ kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Olùkọ́ fèrè ni ó kọ́kọ́ wá bá a. Obìnrin tó lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni, tí kì í gbé ohùn sókè nítorí pé kò tíì rí ìdí kan tó fi yẹ.

"Bàbá, dùùrù yín lọ sílẹ̀."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Bàbá Elétí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Olùkọ́, mẹ́rìnlá ni dùùrù. Ẹyọ kan ni fèrè yín. Bí mẹ́rìnlá bá sọ pé báyìí ni, tí ẹyọ kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́, èwo la máa gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Àwọn mẹ́rìnlá, bó bá jẹ́ ẹnu ẹnì kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ."

"Fèrè irin máa ń gbóná, ohùn rẹ̀ á sì gòkè. Ẹ gbé e síbi tútù."

"Mo ti gbé e síbi tútù."

"Ẹ wá bá a jókòó síbẹ̀."

Olùkọ́ fèrè wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń fi àmì sójú ìwé. Ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ọ̀gá pè wọ́n jọ sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò. Olùkọ́ fèrè fọn dò. Bàbá Elétí tẹ eyín dùùrù kan, dò náà. Ọ̀gá tẹ orí sí apá kan, ó tẹ̀ ẹ́ sí èkejì.

"Èmi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan o," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ létí. Ẹ sọ fún mi."

"Fèrè ni," ni Bàbá Elétí wí.

"Dùùrù ni," ni olùkọ́ fèrè wí. "Ọmọ mọ́kànlá ni mo ní tí wọ́n máa fọn fèrè lọ́jọ́ Ẹtì. Fèrè kì í ṣe okùn tí wọ́n lè dẹ̀. Bí dùùrù bá wà nísàlẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa fọn ọ́n tí kò ní dà bí ẹni tó ṣìnà."

Ọ̀gá wo Bàbá Elétí. Ọdún méjìlélógún kì í ṣe ọjọ́ méjìlélógún. "Bàbá, ó dá yín lójú?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè mí ní ohun tí wọ́n ń pè mí, Ọ̀gá, ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà?"

Ọ̀gá ní kò burú. Bàbá Elétí gbé àpò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá pẹ̀lú ìrìn ẹni tó borí. Abẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn ni ó gbé ọkọ̀ sí. Àyè ibẹ̀ há. Àfi kó rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò sẹ́yìn, ó sì ń kùn, húùù.

Olùkọ́ fèrè ṣì wà nídìí dùùrù lẹ́bàá fèrèsé, ó ń kó fèrè rẹ̀ sínú àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó na ìka kan, ó tẹ dò. Ó wá yọ orí jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀ sí i."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ gbọ́ nǹkan lára ọkọ̀ yín."

Ojú Bàbá Elétí tàn. "Kò sí ohun tí ẹ máa gbọ́, Olùkọ́. Ohun tó fi yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ rí i, àwọn tó ń lo epo..."

"Ẹ fi ẹ̀yìn rìn ná."

Ó fi ẹ̀yìn rìn. Olùkọ́ fèrè tẹ dò.

"Ẹ wá síwájú."

Ó wá síwájú. Olùkọ́ tún tẹ dò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lójú fèrèsé àjà òkè. Bàbá Elétí lọ sẹ́yìn, ó wá síwájú, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ń wo nọ́ńbà rẹ̀, ó ti di mọ́kànlélógójì, ó sì ń rò ó bóyá àríyá yìí tó iná tó ń jó lé e lórí.

Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni ó gbọ́ ọ.

Kò sí ìgbọ̀n kankan. Húùù láti iwájú ọkọ̀, dò láti ojú fèrèsé, wọ́n sì wọnú ara wọn bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Ọkọ̀ yìí kan náà ni òun fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé fún àwọn tó tà á pé kò péye. Etí tó gbọ́ àlọ kì í ṣàì gbọ́ àbọ̀.

Ó pa ọkọ̀. Ó gbé gíláàsì sókè, ó sì kùn dò tirẹ̀, ti inú ọ̀fun, èyí tó bá a láti ọjọ́ tí ó ti ń kọ́ṣẹ́. Ti ọkọ̀ ni ó jáde.

Ọ̀gá ti dé àgbàlá. "Kí ni ẹ̀ ń ṣe? Ẹ̀ ń gbá ilẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀?"

Olùkọ́ fèrè ni ó dáhùn láti ojú fèrèsé. "Ọ̀gá, ẹ bi Bàbá bóyá dùùrù àti ọkọ̀ wọn bára mu."

"Ṣé wọ́n bára mu?" ni ọ̀gá bi í.

Ó rọrùn. Ọ̀gá kò lè gbọ́ ọ. Bí ó bá ní wọn kò bára mu, ọ̀rọ̀ tán. Ó ṣeé ṣe kí àwọn olùdánwò náà má gbọ́ ọ, kí wọ́n kàn ní àwọn ọmọ mọ́kànlá yẹn kò mọ fèrè fọn. Bí ó bá ní wọ́n bára mu, ìwé ọlọ́fóònù ń bẹ lórí tábìlì ọ̀gá, òkúta kékeré kan ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá Elétí ti rí òkúta náà. Ó wo ojú fèrèsé. Olùkọ́ fèrè ń dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń dúró.

"Wọ́n bára mu," ni ó wí.

"Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?"

"Pé fèrè kò ní ẹ̀bi. Ohùn ọkọ̀ mi ni mo fi tún dùùrù yín ṣe."

Ọ̀gá wo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Bàbá. Ọkọ̀ ni ó kọ́ dùùrù mi lórin?"

"Ọkọ̀ oníná ni o, Ọ̀gá," ni olùkọ́ fèrè wí. "Kò ní èéfín."

Àjà òkè bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbé ojú sókè, fèrèsé mẹ́ta sì pa dé.

"Mo lè pe ọlọ́fóònù kó wá lọ́la."

"Ẹ fún mi ní ọ̀la àti ọ̀túnla."

"Pẹ̀lú kí ni? Etí kan náà yẹn?"

Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe mú tó tí yóò gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bàbá Elétí mọ ohun tó kù. Ó kàn ń wá bí yóò ṣe gbé e gba ẹnu kọjá ni. Ó jáde nínú ọkọ̀, ó dúró sábẹ́ fèrèsé.

"Olùkọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ wá bá mi jókòó tì í. Ẹ máa fún mi ní dò."

"Níbo ni kí n jókòó sí? Ibi tútù?"

"Ibi tó bá wù yín."

"Ó yá," ni olùkọ́ fèrè wí. "Aago méje. Ẹ má gbé ajá oníná yẹn wá."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó jí, kò kùn. Ó dà bí ẹni tó jáde nílé láìwọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i pẹ̀lú àpò lórí èjìká, tó ń kọjá lára ọkọ̀.

"Ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi lọ? Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó sinmi."

"Ṣebí mo ní kó o lọ wò ó lójú oorun tẹ́lẹ̀, bóyá ó ń mí?"

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó pa pọ̀, láti yàrá dé yàrá. Olùkọ́ fèrè á fọn dò, ẹ̀ẹ̀kan, gígùn. Bàbá Elétí á fa okùn títí á fi dé ibẹ̀. Okùn tí ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kì í fẹ́ padà sókè wéréwéré. Bí ẹ bá fà á, á gbà, bí ẹ bá yíjú, á tún sọ̀ díẹ̀. Mẹ́ta já sí i lọ́wọ́. Olùkọ́ fèrè ń jẹ àkàrà òyìnbó láàárín dùùrù kan sí èkejì, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Díẹ̀ sí i, Bàbá."

"Ó ti dé ibẹ̀."

"Ọkọ̀ yín ni ó ti dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ṣì ń bọ̀ lọ́nà."

Ó fà á díẹ̀ sí i. Òótọ́ ni. Ìyẹn ni ó dùn ún jù. Ní dùùrù kẹsàn-án ó ṣì ń gbọ́ dò olùkọ́ bí ohun tó ga jù. Ní ìkejìlá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹrìnlá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ fèrè fi fèrè lé itan, ó ní kó kọ́kọ́ kùn ún fúnra rẹ̀. Ó kùn ún. Olùkọ́ fọn tirẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ̀n mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n náà ti falẹ̀, ó ti jìnnà síra, bíi ti ohùn méjì tó kù díẹ̀ kí wọ́n rẹ́.

"Ó ń bọ̀," ni olùkọ́ wí, ó sì dìde.

Àwọn olùdánwò wá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì lọ. Àwọn ọmọ mọ́kànlá fọn fèrè. Àwọn kan mọ̀ ọ́n, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi tiwọn fúnra wọn sì ni. Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba dùùrù. Nínú iṣẹ́ yìí, ìyìn tó ga jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má rántí pé ẹ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìwé ọ̀gá dé. Ó ní Bàbá Elétí lè máa bá iṣẹ́ náà lọ fún ọdún kan. Ó ní òun ti rò ó lọ, òun ti rò ó bọ̀, òun kò sì mọ ohun tí fóònù ọlọ́fóònù náà ń gbọ́ lójú ọ̀nà. Gbólóhùn méjì ni ó fi kún àdéhùn tàtijọ́: pé olùkọ́ fèrè ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ dùùrù kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó parí, àti pé ẹsẹ̀ ni atúndùùrù yóò máa fi gun òkè wá. Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Kò ta ọkọ̀. Ó ń gbé e dé ìdí òkè, á wá fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Ó sì ń sọ fún àwọn tó bá bi í pé ìrìn dára fún ọkàn, pé ẹni tó bá ń wakọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn jẹ́ ẹni àánú.

Ó wá ku àwọn dùùrù inú ilé. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ti fi ohùn ọkọ̀ tún ṣe láti oṣù kẹta tí ìgbọ̀n ti dáwọ́ dúró. Ó ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé òun kàn ní kí òun yẹ̀ wọ́n wò. Kò sí ẹni tó ti fura. Wọ́n dúpẹ́ pé ó ṣèèyàn, ó sì gba ọpẹ́ náà láìwo ojú wọn.

Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ni ó parí rẹ̀ sí. Olórin ni ìyá yìí nígbà kan, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń mú un jókòó, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń gbé e dìde. Bí ó ti rí kọ́kọ́rọ́ irin lọ́wọ́ Bàbá Elétí, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú dùùrù.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Màmá, ó kù díẹ̀ kí n tún."

"Kò kù nǹkan kan. Orin kan wà tó ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Ibi òkè rẹ̀, mi ò lè débẹ̀ mọ́. Láti oṣù tí o ti wá tún un ṣe ni mo ti ń débẹ̀. Ohùn mi ti padà."

Bàbá Elétí gbé àpò sílẹ̀. "Màmá, kì í ṣe ohùn yín ni ó gòkè. Dùùrù ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín."

"Ta ló bi ọ́?"

"Mo ní kí n sọ òótọ́ ni."

"O ti sọ ọ́. Jókòó."

Ó jókòó. Ìyá tẹ dò, ó sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ bí ewé, ṣùgbọ́n ó gun òkè náà, ó dúró lórí rẹ̀, ó wò yíká, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ó fi bíńtín lọ sílẹ̀. Bàbá Elétí gbọ́ bíńtín náà kedere, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ irin padà sínú àpò.

"Kọ orúkọ rẹ sí i kó o máa lọ," ni ìyá wí.

Nínú ìdérí dùùrù ni àwọn oníṣẹ́ yìí ti máa ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ àti orúkọ wọn, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ẹni tí yóò bú. Ó ṣí i. Ó kọ ọjọ́. Ó wo ojú fèrèsé, níbi tí ọkọ̀ dúró sí nínú oòrùn láìsọ̀rọ̀. Níbi tó yẹ kí orúkọ wà, ó kọ nọ́ńbà tó wà lára àwo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà síbẹ̀, ó sì pa ìdérí dé.